Iná Tó Bá Lọ Gbọ́dọ̀ Padà

Ní Ogere Rẹ́mọ, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí lọ́sàn-án lóru, ni mo ti kọ́ṣẹ́ rìwáyà. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá mi, tí wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún 4. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni iṣẹ́ ọ̀gá mi, MAN Diesel ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti dàgbà jù mí lọ. Ọ̀gá mi wò mí láti orí délẹ̀, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o ní sùúrù?" Mo ní mo ní i, sà.

Oṣù 6 gbáko, n kò fọwọ́ kan wáyà. Bátìrì ni mò ń fọ̀. Mo ń fi omi gbígbóná ṣan ìdọ̀tí funfun tó ń hù lórí rẹ̀, mo sì ń fi sánpépà ha orí òjé rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Bátìrì 2 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fóólítì 12. A ó so pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì, kí méjèèjì lè di 24.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀ sí í tú bátìrì láti ọ̀dọ̀ pọ́sítíìfù. Sípánà ọwọ́ mi kan ṣáàsì, iná ta pàrà, ó sì jẹ etí sípánà náà bí ẹni géyín jẹ iṣu. Apá mi gbọ̀n títí di alẹ́. Ọ̀gá kò lù mí. Wọ́n ní: "Nẹ́gétíìfù la kọ́kọ́ ń tú, òun náà la sì ń dì kẹ́yìn. Bí o bá ti tú u, sípánà lè kan ara ọkọ̀ bó ṣe wù ú, kò sí nǹkan kan tí yóò ṣe." Wọ́n dá sípánà náà padà fún mi, wọ́n ní òun ni n ó máa lò títí n ó fi gba fíríìdọ̀mù.

Lọ́dún kejì ni wọ́n tó fún mi ní gílóòbù àyẹ̀wò, gílóòbù kékeré tí a jó wáyà méjì mọ́ nídìí. A ó so ọ̀kan mọ́ ara irin ọkọ̀, a ó sì fi èkejì kan ibi tí a fẹ́ mọ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀ dáadáa, yóò tàn; bí kò bá tó, yóò ṣe bàìbàì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, òun nìkan la lè gbà gbọ́. Epo àti eruku ti pa àwọ̀ wáyà rẹ́, àwọn tó sì ti tún un ṣe ṣáájú ti fi pupa so mọ́ dúdú. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí n gé ohunkóhun. "Má gé wáyà tí o kò tíì bi léèrè," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí.

Ọkọ̀ kan dé tó ń jó fúùsì iná ẹ̀yìn. Mo fi ẹ̀ka wáyà nípọnnípọn dí ojú fúùsì. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà jíjó fi gba inú ọkọ̀. Ọ̀gá sáré já a kúrò. "Fúùsì tó jó, ìròyìn ló mú wá fún ọ. Ìwọ wá dí ìránṣẹ́ lẹ́nu!" Wọ́n fi gílóòbù ńlá sí ojú fúùsì náà, ó tàn yòò. Wọ́n ní kí n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tí gílóòbù bá ti rẹ̀wẹ̀sì, kí n dúró níbẹ̀. Wákàtí 3 ni mo fi wà lórí ilẹ̀ gbígbóná, láàárín iyanrìn àti epo dúdú. Níbi tí wáyà gba ihò ṣáàsì kọjá, mo mi ín, gílóòbù sì ṣe bàìbàì. Rọ́bà ihò náà ti gbó, irin ti ha ara wáyà, bàbà inú rẹ̀ sì yọ síta, kò ju èékánná lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ní sùúrù lọ́jọ́ tí mo sọ pé mo ní i. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti rí i.

Lọ́dún kẹta, Alájì kan gbé ọkọ̀ wá, kíkì tó ń ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n ti ta bátìrì tuntun fún un, wọ́n sì ti pààrọ̀ kíkì, síbẹ̀ kò yí padà. Bí mọ́tò bọ́ì ṣe ń gbìyànjú àti ta á, mo gbọ́ òórùn nídìí ibi tí dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo fọwọ́ kan okùn irin tó ti ibẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì: ó gbóná janjan. Ohun tí ọ̀gá máa ń sọ dún létí mi: "Iná tó bá lọ gbọ́dọ̀ padà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, yóò wá òmíràn." Mo fi ẹsẹ̀ mítà kan lé nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi èkejì lé ara ẹ́ńjìnnì, mo ní kí wọ́n ta á. Fóólítì 4 ni mítà kà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìdajì fóólítì kan. Wáyà pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáàsì ti jẹrà. Mo ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin fi funfun, mo de tuntun sí i, mo dì í pinpin. Ìta kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Ọ̀gá wá, wọ́n fi ìka kan okùn irin náà, ó tutù. Wọn kò yìn mí. Wọ́n kàn ní: "Lọ bá Alájì sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́." Wọn kò tíì jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan dá owó lé iṣẹ́ rí lójú mi.

Ọdún 4 pé, wọ́n ṣe ìwúre fún mi, ìyàwó ọ̀gá, tó ń bọ́ wa lójoojúmọ́, ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ohun gbogbo tí mo mọ̀, ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti gbà á. Sípánà tí iná jẹ létí ṣì wà nínú àpótí iṣẹ́ mi. Òun ni mo fi ń tú nẹ́gétíìfù.