Láti Ìlúpéjú dé pápá Thunder

Ẹ wọ danfo ní Ìlúpéjú, ẹ gba Onípanu àti Fàdèyí já sí Ojúẹlẹ́gba. Tí kọ́ńdọ́kítọ̀ bá ti pariwo "Stadium!", ẹ sọ̀kalẹ̀. Pápá Teslim Balogun nìyẹn, ní Sùúrùlérè. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 23, ẹ gbọ́ ná! Teslim tí wọ́n ń pè ní Thunder, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough àti QPR nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kú láti 1972.

Ṣùgbọ́n Teslim Balogun Foundation tí wọ́n tún fi orúkọ ẹ̀ dá sílẹ̀, láti ran ẹbí àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ lọ́wọ́, ló wù mí jù. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ Ìlúpéjú ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ògiri yín lọ́jọ́ Sunday, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹ dáwó bàtà fún wọn lórúkọ Thunder.