Bí A Ti Í Dán Ọ̀rọ̀ Wò Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ níbikíbi tí a bá ti lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Bí ọmọ bá mọ ìwé, wọn a ní ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọn a ní ọ̀mùgọ̀ ni ọmọ náà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ̀bi láé. Ọmọ ni ó ń ru ẹ̀bi náà lọ sílé, a kò sì rí i mọ́ ní kíláàsì.

Karl Popper, ọmọ ìlú Vienna, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1934 pé ọ̀rọ̀ tí ó bá fẹ́ jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣeé dán wò débi pé, bí irọ́ bá ni, àṣírí rẹ̀ yóò lè tú.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ kan fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 3, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe 3 tí ó kù. Bí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní bá ti rẹ̀yìn ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ìbá wó lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n wọ́n ta ẹgbẹ́ kejì yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Síbẹ̀, ọmọ ènìyàn kì í ṣe irin. Irin inú iná kò mọ̀ pé a ń wo òun. Ọmọ mọ̀ ọ́n, olùkọ́ rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ èdè ni ó ṣe é, àbí ìtara olùkọ́, àbí ọgbọ́n ẹni tí ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àbùkù sí iṣẹ́ ńlá náà, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ yóò tún ìdánwò náà ṣe, yóò sì fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní irú olùkọ́ kan náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe ẹrù wa nígbà tí a bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun kan, kí a kọ ohun tí a óò rí bí kò bá dára sílẹ̀. Bí a bá sì rí i, kí a pa ọ̀nà náà tì, kí a má ṣe pa ọmọ náà tì.