Ta Ló Bá Wọn Sọkún?

Rahile Dawut dà o? Obìnrin tó ń ti ìdí sàréè ẹni mímọ́ kan bọ́ sí òmíràn létí aṣálẹ̀ Taklamakan, tó ń gba ìtàn àti orin lẹ́nu àwọn arúgbó Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, kí ikú tó mú wọn lọ, dà? Oṣù Kejìlá 2017 ló ní òun ń lọ sí Beijing. Ojú ò tún kàn án mọ́. Ọdún 2023 la tó gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni Ṣáínà sọ ọ́ sí, wọ́n ló fẹ́ pín orílẹ̀-èdè níyà. Orin mà ló ń kó jọ!

Àwọn sàréè náà ńkọ́? Ti Imam Asim nítòsí Hotan, níbi tí èrò ti máa ń wọ́ tìrítìrí gba inú yanrìn lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń so aṣọ aláràbarà mọ́ òpó igi, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà: wọ́n wó mọ́sáláṣí ibẹ̀, wọ́n tú aṣọ ẹ̀bẹ̀ kúrò. Itẹ́ òkú Sultanim láàárín Hotan gan-an, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2019. Òkú ò rílẹ̀ sùn. Alààyè, bíi mílíọ̀nù kan lójú àwọn tó ṣèwádìí, ni wọ́n kó sí àgọ́ tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́.

Ta ló bá wọn sọkún? Ní oṣù Keje 2019, orílẹ̀-èdè 22 kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí Ṣáínà jáwọ́. Kò pẹ́ tí 37 fi kọ tiwọn, ìyìn ni wọ́n fi yin Ṣáínà. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Tógò wà níbẹ̀. Saudi, tí Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, wà níbẹ̀. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ní 2022, àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìwà tí wọ́n hù lè jẹ́ ọ̀ràn sí gbogbo ọmọ ènìyàn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àjọ náà ní Geneva ní oṣù Kẹwàá. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni dájọ́ o, kí wọ́n ṣáà jókòó sọ̀rọ̀ ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún gbà, 19 kọ̀, 11 ò dá sí i. Benin, ilé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, wà lára àwọn tí kò dá sí i. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Sòmálíà nìkan ló gbà, òun tó ti fọwọ́ sí ìwé ìyìn tẹ́lẹ̀.

Amẹ́ríkà ṣòfin lórí ọjà tó ń ti ilẹ̀ Uyghur wá, títí kan òwú. Ó dáa. Òwú ni wọ́n dá dúró ní èbúté.

Ní ìdájí ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2025, Thailand kó ogójì ọkùnrin Uyghur sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú lẹ fèrèsé rẹ̀ pa, wọ́n dá wọn padà fún Ṣáínà, lẹ́yìn àtìmọ́lé tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Ìjọba Thailand ní tinútinú ni wọ́n fi lọ: àwọn ọkùnrin tó febi para wọn ní oṣù Kínní kí wọ́n má baà dá wọn padà.