Gbèsè Ọdún 1988

Ìtẹ́ adìyẹ ló wà lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi. Agbọ́n ti mọlé sẹ́nu páìpù èéfín, ewé máńgòrò ti jẹrà sínú gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kùn ún sì ti ṣá títí ó fi dà bí ògiri amọ̀. Katakata Massey Ferguson 135 ni. Láti 1996 ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí Ìlọ́rà, tí òjò ń pa á, tí ọyẹ́ ń fẹ́ sí i.

Ọkùnrin tó gbé e wá sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì bí àwọn ará Èkó ṣe ń ṣe nígbà tí wọn ò bá fẹ́ kí ṣòkòtò wọn kan gírísì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Bàbá wa ló ni ín. Kí wọ́n tó jáde láyé, wọ́n ní bí a bá máa tún un ṣe, a ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn àfi àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá yín. Mo wádìí kiri, wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ló kù."

Mo ní èmi nìkan kọ́. Àwa mẹ́rin la ṣì wà láyé. Àwọn mẹ́ta yòókù ló ti bọ́ sídìí Toyota. Mo bi í léèrè ohun tó dá a dúró.

"Bàbá ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n á ní, 'Ó ń kanlẹ̀kùn, n ò sì mọ ẹni tó ń wá.' Ni wọ́n bá pa á tì."

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ ìró yẹn. Nọ́ọ̀kì là ń pè é.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó máa dán ni, àbí ẹ fẹ́ kó máa túlẹ̀?"

"Méjèèjì, sà."

"Owó ọ̀tọ̀ ni dídán, owó ọ̀tọ̀ ni títúlẹ̀," ni mo wí. A jọ dúnàádúrà, ó sì lọ.

Ẹni tó bá ń tú katakata àtijọ́, ẹ̀yìn ìwé ló ti ń kà á bọ̀. Iṣẹ́ ẹni ìkẹyìn ló wà lóde. Bó o bá ṣe ń tú wọlé, bẹ́ẹ̀ lò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Iná ọ̀kadà ni wọ́n fi rọ́pò iná iwájú èyí tí mò ń wí. Wáyà ìdirù ló di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Àyédèrú ni fítà epo, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ fo lẹ́tà kan. Omi tí wọ́n rọ sínú táyà ẹ̀yìn, kó lè wúwo lórí ilẹ̀, ti jẹ irin rẹ̀ láti inú. Bí fọganáísà ṣe tú u, omi pupa tú jáde bí ẹ̀jẹ̀ ẹran ọdún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn nọ́ọ̀tì. Ìlú Coventry ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe 135, láti 1964 títí di àárín àwọn ọdún 1970, ìwọ̀n ìǹṣì ni gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Jàpáàní kún títì wa, sípánà mìlímítà lé sípánà ìǹṣì kúrò lọ́jà. Nọ́ọ̀tì tó bá gba sípánà ìǹṣì 9/16, sípánà 14 kì í wọ̀ ọ́, 15 á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó gba ìdajì ìǹṣì, 13 á wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan á fi òòlù gbá a, ẹlòmíràn á fi páláyà fún un lọ́rùn, títí orí nọ́ọ̀tì á fi di róbótó. Mo ka mẹ́tàdínlógún irú rẹ̀ kí n tó dé ìdí jíà.

Sípánà ìǹṣì tí mo fi tú ìyókù, ti ọ̀gá mi ni. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọmọ wọn pín ilé, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n wá bi mí pé kí ni èmi fẹ́ fi rántí bàbá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àpótí irinṣẹ́.

Yáàdì ìjọba n'Ìbàdàn ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oko tí gbogbo wa mọ̀ sí sẹ́tùmẹ́ǹtì; Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé ní ilẹ̀, Ìlọ́rà sì wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Ìjọba ló ní katakata nígbà náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìjọba lẹni tó bá fẹ́ mọ̀dí rẹ̀ ń lọ. Ọ̀gá sọ fún wa pé bí nǹkan bá bàjẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sórí ìwé, ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ á sì gbé tuntun jáde nínú bébà tí wọ́n fi gírísì pa. Bí ìtàn àlọ́ ló máa ń rí létí wa.

Ọdún 1978 ni mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti fi yáàdì sílẹ̀, wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ètò Operation Feed the Nation tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1976 ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Nígbà tó di 1980, ìjọba Shagari gbé Green Revolution dé. Oríṣiríṣi katakata là ń rí, ṣùgbọ́n 135 ni ọmọ ilé. Ọ̀gá kò mọ̀wé púpọ̀. Wọ́n ní ìwé ilé iṣẹ́ kan tí gírísì ti sọ di dúdú, àwòrán inú rẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í sì í ṣì í kà.

Òfin kan wà tí wọn ò fi ṣeré. Ìdérí bẹ́ríǹ tó bá kúrò ní ipò kan, ipò yẹn náà ni kó padà sí. Kí o tó tú u, fi páǹṣì lu ojú kékeré sí i, tó là ń pè é: tó kan fún èkíní, tó méjì fún èkejì, tó mẹ́ta fún ẹ̀kẹta. Ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní àmì tirẹ̀ lábẹ́ tó, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Ilà kan tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni tèmi.

Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn, níbi tí apá ìgbérù wà, inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Harry Ferguson wà, ọmọ Ireland tó dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bí irin bá há mọ́ kùkùté, iwájú katakata lè gbéra nílẹ̀ kó dojú dé awakọ̀. Ferguson fi apá mẹ́ta di ohun ìtúlẹ̀ mú, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ilẹ̀ bá le, apá òkè á ti síwájú, á tẹ sípíríǹgì kan, ìyẹn á mú kí pọ́ǹpù ọ́ìlì gbé irin sókè díẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ á sì bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, táyà á dilẹ̀ mú. Ọ̀gá mi ní ẹni tó ń wọ́ ẹrù lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ẹni tó bá gbé e rù, á tẹlẹ̀ gírígírí. N kò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì ló kù. Perkins ni, oní-písítìnì mẹ́ta, ó sì ti gan. Mo tú àwọn nọ́sù, mo da dísù pọ̀ mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń rọ sí sítíárìn ọkọ̀, mo bù ú sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ni mò ń fi irin ti fuláíwììlì rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kọkànlá ó ṣún, kò ju ìbú èékánná lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo bíi pé góòlù ni wọ́n jẹ.

Katakata yìí kò ní férémù. Ẹ́ńjìnnì àti jíà ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ la ọkọ̀ sí méjì. A là á, a fi gẹdú gbé apá ẹ̀yìn dúró, a dojú ẹ́ńjìnnì dé lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń tú kónróòdù.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo kinní kan."

Ó mú ìdérí kejì lọ́wọ́. Lẹ́yìn bẹ́ríǹ rẹ̀, níbi tí kò yẹ kí nǹkankan wà, pélébé agolo wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́tà búlúù méjì ṣì hàn lára rẹ̀. Agolo mílíìkì ni.

"Irú mẹkáníìkì wo ló ṣe báyìí, ọ̀gá?"

Mo gba ìdérí náà, mo fi àkísà nù ún. Tó méjì ló wà lára rẹ̀. Lábẹ́ tó, ilà kan wà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún 1986 ni ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba pè ní SAP dé. Náírà já wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara katakata gun òkè àjà. Katakata ìjọba ń kú sínú yáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń tọ́jú wọn sì jáde sẹ́bàá títì bíi tiwa. Mẹ́ta la máa ń tú kí ọ̀kan lè dìde. A gé páálí, ó di gásíkẹ́ẹ̀tì. A gé táyà tó ti gbó, ó di búṣì. À ń yọ̀ pé a gbọ́n, a sì gbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ní ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì.

Òjò àkọ́rọ̀ 1988 ti rọ̀ nígbà tí bàbá kan dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, alẹ́ ti lẹ́. Katakata wọn ń nọ́ọ̀kì. Owó bẹ́ríǹ tuntun ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lọ, èmi náà ò sì ní i láti yá wọn. "Ọmọ mi, òjò ti dé," ni wọ́n ń wí ṣáá, "òjò ti dé." Mo fi sísọ́ọ̀sì gé agolo mílíìkì tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn bẹ́ríǹ kó lè fún, mo dì í. Nọ́ọ̀kì dákẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó túlẹ̀ ọdún yìí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé e padà, n ó fi ojúlówó sí i." Mo sì gba owó iṣẹ́ mi pé.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn ò wá. Ó ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n máa wá ṣe? Èmi náà ò sì lọ wá wọn. Ọkọ̀ mìíràn ti wà níwájú mi, agolo mìíràn ti wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́jọ ni pélébé yẹn fi ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, tó ń jẹ kíráǹkì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wọn kíráǹkì, ojú ibẹ̀ kò ṣe roboto mọ́, ooru sì ti sọ ọ́ di búlúù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bàbá yẹn tó yé mi: èmi ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń kanlẹ̀kùn wá.

Mo gbé kíráǹkì lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ n'Ìbàdàn. 10 ni mo gbàdúrà pé kí wọ́n lọ̀ kúrò lára rẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìǹṣì. Ó di 30 kí ojú rẹ̀ tó mọ́. Ní ọjà Àràròmí, Agodi Géètì, n kò rí bẹ́ríǹ tó ju 30 lọ, nítorí náà àǹfààní ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Ìyókù kò ṣòro rí. Ní 2002 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe katakata ní Coventry, ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà ò jẹ́ kí ìdílé náà run, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì ń wọlé. Sílíìfù, písítìnì, ríǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe páálí: a kó gbogbo rẹ̀ tuntun. Nọ́ọ̀tì mẹ́tàdínlógún yẹn, mo fi ti ìǹṣì rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a kùn ún: pupa fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, eérú fún ara. Ọjọ́ méjì péré ni dídán gbà. Títúlẹ̀ gba oṣù mẹ́rin.

Lọ́jọ́ tí olówó rẹ̀ wá, a ti rọ dísù sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi tú bóòtù kékeré orí fítà, ó ń fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù títí ìfófòó fi tán. Ó dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù, mo ta kíì, dísù tú jáde, ó dì í. Mo tún ta á. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù mẹ́ta-mẹ́ta. A dákẹ́, a tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀, ó béèrè ìwé owó. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún padà kà á.

"Bàbá, ẹ ò kọ owó iṣẹ́ kíráǹkì àti bẹ́ríǹ síbí. Òun ló sì pẹ́ jù."

Mo mú pélébé agolo náà nínú àpò, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Mo ti gbà á lọ́wọ́ bàbá yín," ni mo wí, "ní 1988."