Àgò Onílé Létí Odò Béárì

Ọ̀pọ̀ ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó létí àwọn odò Alaska ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: kí ènìyàn má dá lọ pẹja níbi tí béárì ti ń jẹ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mò ń dá lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Anchorage, ọjọ́ tí mo bá ráyè kì í bá ti àwọn ọ̀rẹ́ mi mu. Kí n má purọ́, bí mo tilẹ̀ rí ẹni bá mi lọ, ìgbà míì wà tó jẹ́ pé èmi àti odò nìkan ni mo fẹ́. Ìyàwó mi kò fẹ́ ẹ títí di òní. Ohun tí dídá lọ yìí ń gbà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí.

Russian River ni odò náà. Ó ń ṣàn wọ odò Kenai nítòsí Cooper Landing, nǹkan bí 100 máìlì sí Anchorage. Ẹja sámọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní sockeye, tí ẹran rẹ̀ pupa bí epo, ń wọ odò yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àkọ́kọ́ láti àárín oṣù Júùnù, èkejì láti àárín Júláì wọ Ògọ́ọ̀sì. Ẹja yẹn ni béárì fi ń sanra kó tó wọ ihò rẹ̀ lọ sùn nígbà òtútù, fún ọ̀pọ̀ oṣù tí kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Èmi lè ra ẹja lọ́jà. Òun kò lè rà á.

Ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ béárì, nínú ìtàn Dáfídì, àti nínú ìtàn Èlíṣà tí abo béárì méjì ti fa àwọn ọmọ ya. Mo wá gbà pé ẹranko tó ń wá ènìyàn kiri ni. Bàbá kan tí wọ́n ti ń pẹja ní Kenai kí wọ́n tó bí mi ló là mí lóye. Wọ́n ní lọ́pọ̀ ìgbà, béárì búráùn tó bá ṣe ènìyàn léṣe, ènìyàn ló bá a lójijì, tàbí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ó ń ṣọ́ oúnjẹ. Etí odò sì ni bíbá a lójijì ti rọrùn jù. Omi ń hó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, koríko ga ju ènìyàn lọ. Èmi kò gbọ́ ọ, òun náà kò gbọ́ mi. Apẹja tún kọjú sí omi, ó kẹ̀yìn sí igbó. Bí a bá jẹ́ méjì, ẹnì kan á máa wo ẹ̀yìn. Bí mo bá dá wà, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Nítorí náà mo sọ ọ́ di àṣà: bí mo bá ti ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, mo gbọ́dọ̀ yíjú wẹ̀yìn, bí ẹja tilẹ̀ ń gbé e. Mi ò kì í dúró níbi tí koríko ti fún mọ́ mi. Ibi gbalasa tí mo ti lè rí òkè àti ìsàlẹ̀ odò ni mò ń wá. Bí mo bá sì ń rìn lójú ọ̀nà, kí n tó yà sí kọ́nà èyíkéyìí, mo máa ń pàtẹ́wọ́, mo máa ń kígbe sókè pé, “Àgò o! Àgò onílé o!” Mo ń wí i tọkàntọkàn, nítorí ilé béárì ni mo fẹ́ wọ̀. Agogo kékeré tí àwọn kan ń so mọ́ àpò kò dún tó. Ohùn ènìyàn ló dára jù.

Ní ìparí Júláì kan, ẹja ńlá kan wà lẹ́nu ìwọ̀ mi, ó ń jà, ó ń ta omi. Mo yíjú bí mo ti máa ń ṣe. Abo béárì búráùn kan ti jáde sétí omi lókè odò, ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ọmọdé lè sọ òkúta dé. Ó ti kọjú sí ibi tí ẹja ti ń ta omi. Béárì mọ ìró yẹn. Oúnjẹ ló ń jẹ́ fún un. Ẹja náà tóbi ju èyí tí mo ti pa látàárọ̀ lọ. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé okùn.

Omi dákẹ́. Mo rọra sọ fún un pé, “Mo ti rí ọ, ìyá. Mò ń lọ.” Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n sáré, ṣùgbọ́n béárì lè sáré ju 30 máìlì lọ ní wákàtí kan, sísá sì lè mú kó lé ènìyàn. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, àpò ẹja mi lẹ́yìn mi. Ó wò mí, ó wọ inú omi tí mo fi sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Inú mọ́tò ni ara mi ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kì í ṣe ìgboyà. Bí ènìyàn bá ní ẹnì kejì, ẹnì kejì náà á pariwo pé, “Gé e!” Èmi kò lẹ́ni tó máa pariwo, ọwọ́ tó ti di ẹja mú kì í sì í fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ilé ni mo ti máa ń ṣe ìpinnu láti gé okùn, lórí àga, kí n tó gbé ọ̀pá ìpẹja. Bí mo bá rí i lọ́jọ́ kan pé inú mi kò gbà á láti pàdánù ẹja, mi ò ní lọ. Níbòmíì, òfin ló ń ṣe ìpinnu náà fún apẹja: ní odò Brooks ní Katmai, ní Alaska níbí, níbi tí béárì pọ̀ gan-an, òfin ni pé kí apẹja dáwọ́ dúró bí béárì bá ti wà láàárín 50 yáàdì.

Mi ò sì jẹ́ fi ẹja tí mo ti pa sílẹ̀ sá lọ bí àyè bá wà láti gbé e. Béárì tó bá jẹ ẹja ènìyàn lẹ́ẹ̀kan máa ń padà wá bá ẹlòmíì, ìbọn ló sì ń gbẹ̀yìn irú wọn. Ìyẹn ń dùn mí ju ẹja lọ. Òfin Russian River ní kí ẹja, oúnjẹ àti àpò má jìnnà sí ẹni tó ni wọ́n ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ẹni tó bá sì kun ẹja létí odò, kó gé egungun àti ìfun wẹ́wẹ́, kó jù ú síbi tí omi ti ń sáré. Èyí tó bá gúnlẹ̀ sétí bèbè ló ń pe béárì wá bá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó máa dúró síbẹ̀ lọ́la. Odindi ni mo ń gbé tèmi lọ sílé.

Agolo ata béárì, ata tí wọ́n ń fín sí béárì láti dá a dúró, wà ní àyà mi, níbi tí ọwọ́ ti lè bà á láìwò ó. Lọ́dún 2008, Tom Smith, Stephen Herrero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn ènìyàn ti lò ó ní Alaska: nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n fín in sí béárì búráùn, ìdá 92 nínú 100 ló ti ká a lọ́wọ́ kò. Nínú àwọn tó gbé e lọ́wọ́ tí béárì sì sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, ìdá 98 nínú 100 ni kò farapa. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń tán, kì í sì í lọ jìnnà, nítorí náà kí ènìyàn dúró títí béárì á fi sún mọ́ tòsí, kó fín in wálẹ̀ díẹ̀ síwájú rẹ̀ kó lè wọ inú ata náà. Ẹ má ṣe fín in sára aṣọ tàbí àpò yín. Òórùn èyí tó ti gbẹ máa ń fa béárì mọ́ra.

Bí ata bá kùnà, tí béárì búráùn tó ń gbèjà ara rẹ̀ bá fọwọ́ kan ènìyàn, kí onítọ̀hún dojú bolẹ̀, kó hun ìka ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn ọrùn, kó ya ẹsẹ̀, kó má mira títí yóò fi lọ. Bí béárì dúdú bá kọlù yín, ẹ bá a jà. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá wọn mọ̀, nítorí béárì dúdú míì pupa rẹ́súrẹ́sú. Iké tó wà léjìká béárì búráùn ni kẹ́ ẹ wò.

Ìyàwó mi ní bí n kò bá ní gbọ́, ó kéré tán, “Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí sílẹ̀, ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ máa dé, kẹ́ ẹ sì dé.” Bébà yẹn ń wà lára fíríìjì. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àfonífojì ibẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba sátẹ́láìtì ránṣẹ́ ni mo so mọ́ èjìká. Bí wákàtí bá ti pé, mo ti ká okùn, bí ẹja tilẹ̀ ń gbé ìwọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti Houston tàbí Maryland wá lo ìsinmi máa ń bi mí pé kí làwọn máa gbé dání. Ẹ má ra ata béárì níbẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọ bàálù, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ tàbí nínú ẹrù. Anchorage ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán lára agolo, kẹ́ ẹ sì ra èyí tí kò ní ata nínú mọ́ ọn, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ mú un wá sẹ́yìn ilé mi. A óò jọ yọ ọ́ lápò rẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó lọ sódò.