Táyà Jò Lọ́nà Òmù-Èkìtì

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà àríwá Èkìtì mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ilẹ̀ ṣú èèyàn sí. Òkè lọ́tùn-ún, oko kòkó lósì, kò sí ẹni tí a ó ké sí. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà kan ní agbègbè Ìkọ̀lé, ẹ̀rù alẹ́ ti wọ ọ̀pọ̀ wa lára.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo gun alùpùpù mi láti Ọ̀yẹ́, mo ń lọ sí Òmù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi wà lápò mi. Tọwọ́ wọn ti tán láti àná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ti kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ìṣó ti gún táyà. Fọkanáísà kò sí nítòsí.

Mo dúpẹ́ pé irinṣẹ́ kékeré wà lábẹ́ àga mi: irin pẹlẹbẹ méjì, pọ́ńpù ọwọ́, sáńpépà, sólúṣọ̀n àti ègé rọ́bà. N kò tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Mo fa ìṣó yọ, mo fi irin ká etí táyà kúrò lára ríìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fa túùbù jáde níbẹ̀. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, mo fi itọ́ pa á. Ibi tó ń hó ni ihò wà. Mo ha ibẹ̀, mo kun sólúṣọ̀n, mo lẹ rọ́bà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, nítorí oòrùn ń wọ̀. Mo dá a padà, mo fẹ́ ẹ, ó le. N kò tíì palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ tí ó tún fi rọ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan yọ láti inú oko.

“Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́?”

“Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú ni.”

“Bí ẹ bá tún kánjú, ibí ni yóò ṣú yín sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Mo tún un ṣe. Bàbá fi ọwọ́ wá inú táyà wò, kí ohun mímú mìíràn má baà kù síbẹ̀. Mo kun sólúṣọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, a sì dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gùn ju ọjọ́ ìdánwò lọ! Kí n má baà máa wo igbó, mo sọ fún bàbá pé ní ọdún 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi iná se rọ́bà pẹ̀lú imí-ọjọ́, ooru kò ní yọ́ ọ mọ́. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni “fọkanáísà” ti wá.

Bàbá rẹ́rìn-ín: “Ògún náà nìyẹn! Ìrè kò kúkú jìnnà síbí.”

Ó fi èkù àdá tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Táyà le, kò sì rọ̀ mọ́. Mo gbé bàbá sẹ́yìn; kí aago méje tó lù, ìyá mi ti ń gbé oògùn mì.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ra irinṣẹ́ yìí, kí ẹ sì kọ́ ọ nílé ní ọ̀sán gangan. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí sólúṣọ̀n gbẹ.