Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Ní ọdún 2015, mo wọ Science Museum ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Níbi kan, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ ara wọn yí ẹ̀rọ. Níbòmíràn, lẹ́yìn gíláàsì, mo rí àwòrán kékeré tí Alexei Leonov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi yà ní gbalasa òfuurufú ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1965: oòrùn tó ń yọ létí ayé.

Nínú ìrìn àjò náà ló di ẹni àkọ́kọ́ tó jáde kúrò nínú ọkọ̀ sínú òfuurufú. Aṣọ rẹ̀ wú, ó sì kù díẹ̀ kó má lè wọlé mọ́. Síbẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ojú tì mí. Àìmọye ìròyìn ni mo jókòó sí ọ́fíìsì kọ, tí mo kàn ń da ọ̀rọ̀ tí ìjọba fi ránṣẹ́ kọ. Láti ìgbà náà, kí n tó kọ̀wé, mo máa ń bi ara mi léèrè: ṣé ojú mi tó o?